Ọ̀bẹ olójú méjì: kí ló dé tí ìlà àárín ẹ̀ ò fi ń dúró lójú kan?

Ẹni tó bá ti ń ṣe ọ̀bẹ ìdáná nínú gáréèjì ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí ọ̀bẹ ẹ̀ ń mú, tí èèkù ẹ̀ gún régé, táwọn ọ̀rẹ́ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn ṣe ọ̀kan, bó pẹ́ bó yá irú ẹni bẹ́ẹ̀ á fẹ́ ṣe dágà. Dágà tí mò ń wí ni ọ̀bẹ olójú méjì, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ṣóńṣó lẹ́nu, tí ìlà kan yọ gedegbe láàárín ẹ̀ láti ìdí títí dé ẹnu. Ohun tónítọ̀hún máa ń rò ni pé ohun tóun ti mọ̀ ọ́n ṣe lójú kan náà ni, òun á kàn tún un ṣe lójú kejì, iṣẹ́ á di ìlọ́po méjì, ó parí. Àfi bó ṣe gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ ìlọ̀rin, èyí tí bẹ́líìtì bíi sándípépà ń yí lórí ẹ̀, tó rí i pé ìlà àárín ti wọ́, ó yà sápá ọ̀tún, ó tún padà sósì, ẹnu ọ̀bẹ ò sí láàárín mọ́, tó bá sì yí i sẹ́yìn, tẹ̀yìn tún wọ́ gba ibòmíì. Tó bá wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á ní kó máa ṣe é lọ, ọwọ́ ẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni o, àmọ́ ìyẹn ò tíì ṣàlàyé nǹkan kan fún un. Ìdí tí ìlà yẹn fi ń sá kiri wà, ó ṣeé ṣàlàyé, kò sì sí awo kankan nínú ẹ̀.

Kì í sì í ṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nìkan ló ń bá fínra. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn tó ń rọ ọ̀bẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní American Bladesmith Society, Bill Moran ló ṣáájú àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1976. Ẹni tó bá fẹ́ gboyè Master Smith, ìyẹn oyè ọ̀gá alágbẹ̀dẹ, níbẹ̀, yàtọ̀ sí pé wọ́n á kọ́kọ́ dán ọ̀bẹ ẹ̀ wò bóyá ó gé nǹkan bó ṣe yẹ, ọ̀bẹ márùn-ún ló tún máa kó wá fáwọn adájọ́ wò, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ dágà onírin Damascus, irin tí wọ́n lù mọ́ra títí ó fi ní ìpele 300, ó kéré tán. Nínú gbogbo ọ̀bẹ tó wà láyé, dágà ni wọ́n mú. Mi ò rò pé torí ẹwà nìkan ni, torí pé dágà ò níbi téèyàn lè fi àṣìṣe pamọ́ sí ni.

Ẹ kọ́kọ́ fọkàn yàwòrán ọ̀bẹ ìdáná. Ó ní ẹ̀yìn tó nípọn, ó ní ojú kan tó mú, ìdagẹ̀rẹ̀ méjì ló sì wà lára ẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, àwọn méjèèjì á wá pàdé nísàlẹ̀. Tí ọ̀kan bá jìn ju èkejì lọ díẹ̀, ojú ọ̀bẹ á kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ máa pọ́n ọn lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀yìn yẹn náà lẹ lè fi ìka tì, òun lẹ lè gbé lé nǹkan, ibẹ̀ lẹ ti lè wọn nǹkan. Dágà ò lẹ́yìn. Ibi tó yẹ kẹ́yìn wà, ojú míì ló wà níbẹ̀. Ìdagẹ̀rẹ̀ ẹ̀ wá di mẹ́rin, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá fi ayùn gé e ní ìdábùú, ibi tẹ́ ẹ gé máa rí bí àmì dáyámọ́ńdì tó wà lára káàdì, àfi pé ó pẹlẹbẹ jùyẹn lọ.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí: ìlà àárín yẹn, kò sẹ́ni tó ń fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ ò lè gbé e ti ẹ̀rọ kẹ́ ẹ ní òun lẹ fẹ́ lọ̀. Ibi tí ìdagẹ̀rẹ̀ méjì bá ti pàdé ló máa ń wà, tẹ́ ẹ bá wá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú méjèèjì, ìlà á sá kúrò lọ́dọ̀ èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, á lọ bá ìkejì. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìlà yẹn ṣe, ẹ̀gbẹ́ lẹ ti máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i kó lè yé wa. Ká ní irin tẹ́ ẹ mú fẹ̀ ní 30 mm, ó sì nípọn ní 6 mm. Láti àárín dé ojú jẹ́ 15 mm, láàárín 15 mm yẹn ìdagẹ̀rẹ̀ máa fi 3 mm lọ sílẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi dígírì 11. Ẹ wá jẹ́ ká sọ pé ẹ lọ ìdagẹ̀rẹ̀ kan jìn ju ìkejì lọ, pẹ̀lú 0.1 mm péré. Kì í ju bí pépà ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ṣe nípọn lọ. Ìlà àárín máa fi 0.25 mm kúrò láyè ẹ̀. Tí irin yẹn bá wá jẹ́ 4 mm dípò 6 mm, pépà kan náà yẹn máa sún un tó 0.37 mm, torí pé bí ọ̀bẹ ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i náà ni ìlà yẹn ń le sí i láti dá dúró. Ẹ lè ní ta ló máa rí ìdá mẹ́rin mìlímítà? Ojú máa rí i o. Ìdagẹ̀rẹ̀ méjèèjì kì í gba iná bákan náà, ọ̀kan á mọ́lẹ̀, ìkejì á ṣú, ibi tí mímọ́lẹ̀ àti ṣíṣú ti pàdé sì ni ìlà, ojú èèyàn kì í sì í gbàgbé bí ìlà tó tọ́ ṣe yẹ kó rí. Ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀bẹ máa wo dágà tó wọ́, á ní "ó dà bíi pé nǹkan kan ń ṣe é", kódà bí ò bá lè sọ nǹkan tó ń ṣe é.

Ṣé ẹ ò kàn ní tún un ṣe ni? Ẹ lè tún un ṣe, àmọ́ owó lẹ ń san. Kí ìlà tó lè padà wá sí àárín, àfi kẹ́ ẹ lọ ìdagẹ̀rẹ̀ kejì náà ní 0.1 mm, ó padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin ti fẹ́lẹ́ sí i láàárín, ó sì ti fẹ́lẹ́ sí i lójú náà. Tẹ́ ẹ bá wá lọ ti ìkejì yẹn jù, ìlà á tún ré kọjá, ẹ ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Báwọn kan ṣe ń lé ìlà láti ọ̀tún sí òsì nìyẹn títí dágà fi di ọ̀bẹ ìṣílẹ́tà. Torí náà, ẹni tó gbọ́n máa ń fi irin sílẹ̀ lójú. Kó tó di pé wọ́n ki irin bọná kó lè le, ojú dágà gbọ́dọ̀ ṣì nípọn tó ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan, kó má mú rárá. Irin tó ṣẹ́ kù yẹn lẹ máa fi tún àṣìṣe ṣe, kò sì ní jẹ́ kí ojú fọ́ tàbí kó wọ́ nínú iná.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọwọ́, èyí táwọn èèyàn kì í sábà ṣàlàyé. Ẹ mú pépà kátọ́ọ̀nù kan, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fa ìlà sáàárín ẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Níwájú, ẹ kọ 1 sápá òkè, ẹ kọ 2 sápá ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn, ẹ kọ 3 sẹ́yìn 1, ẹ kọ 4 sẹ́yìn 2. Ẹ wá ṣe bíi pé ògiri ni bẹ́líìtì ẹ̀rọ, tó ń sáré wálẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún di ìdí ẹ̀ mú, kẹ́ ẹ fi iwájú kọ ògiri, kí 1 wà lókè: 1 lẹ ń lọ̀ yẹn. Ẹ má pààrọ̀ ọwọ́, ẹ kàn yí i po kí ojú tó wà nísàlẹ̀ bọ́ sókè. Kí ló kọjú sí ògiri lókè báyìí? 4 ni. Kí ọwọ́ ọ̀tún yín tó lè lọ 2 tàbí 3, àfi kẹ́ ẹ dorí ojú kodò, ẹ ò sì ní rí ibi tẹ́ ẹ ń lọ̀ dáadáa. Ohun tọ́pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé ọwọ́ òsì ni wọ́n máa ń fi lọ 2 àti 3.

Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe 1 àti 4, ọwọ́ òsì ń ṣe 2 àti 3, àwọn méjì tó jẹ́ ti ọwọ́ kan náà ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, wọ́n dojú kọra láti igun kan sí igun òdìkejì ni. Ọwọ́ méjèèjì ò sì dọ́gba lára ẹnikẹ́ni. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ọwọ́ ọ̀tún lágbára jù, ó ń tẹ irin mọ́ bẹ́líìtì ju ọwọ́ òsì lọ, torí náà 1 àti 4 á jìn ju 2 àti 3. Níwájú, ìlà á sá kúrò lọ́dọ̀ 1, á lọ bá 2. Lẹ́yìn, á sá kúrò lọ́dọ̀ 4, á lọ bá 3. Ìlà iwájú yà síbì kan, ìlà ẹ̀yìn yà sí òdìkejì, òun ni ẹni yẹn fi ń rò pé ẹ̀rọ ló bà jẹ́ tàbí pé irin ló wọ́.

Ẹ lè fi èyí mọ ohun tó ń ṣe dágà yín láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ìlà iwájú àti tẹ̀yìn bá yà lọ́nà òdìkejì síra wọn, ọwọ́ ló fà á. Tí àwọn méjèèjì bá jọ yà sọ́dọ̀ ojú kan náà, ẹ má bá ọwọ́ jà, ìlà tẹ́ ẹ fà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni ò sí láàárín, tàbí kó jẹ́ pé ẹ ti lọ ojú kan wọlé ju ojú kejì lọ.

Àtúnṣe ti ọwọ́ ò le. Ẹ fi ọwọ́ tí ò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì ṣe 2 àti 3 dé ibi tó bá lè ṣe é dé, kí ọwọ́ ọ̀tún tó mọṣẹ́ wá fi 1 àti 4 bá a dọ́gba, torí ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló lè fara wé ọwọ́ tí ò mọ̀ ọ́n, tìkejì ò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún máa pààrọ̀ ẹni tó ń ṣíwájú, torí bẹ́líìtì tuntun máa ń jẹ irin ju bẹ́líìtì tó ti lò lọ, tó bá jẹ́ pé 1 ló ń gba bẹ́líìtì tuntun ní gbogbo ìgbà tí 3 sì ń gba èyí tó ti kú, wọn ò lè dọ́gba láé, bó ti wù kọ́wọ́ yín mọ̀ ọ́n tó. Ní ti ìdúró, igbá àyà ni kí ìgbọ̀nwọ́ máa wà, kó má kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ àti ìbàdí ni kó máa gbé ara lọ síwá sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi ń fa ọ̀bẹ kọjá, áńgù á máa yí bí ọwọ́ ṣe ń nà.

Ká padà sẹ́yìn díẹ̀, torí ìdajì iṣẹ́ yìí ti parí ká tó tan ẹ̀rọ. Ẹ má fi ojú lásán ya dágà sórí irin. Ẹ ká pépà líle sí méjì, ẹ ya ìdajì dágà sí i, ẹ gé e, ẹ wá ṣí i. Torí pé pípa lẹ pa á pọ̀ kẹ́ ẹ tó gé e, apá méjèèjì á bára mu. Ẹ fi máákà kun irin kí ìlà lè hàn, ẹ fi kọ́ńpáàsì ẹlẹ́nu irin wọn àárín láti ojú ọ̀tún, ẹ tún wọ̀n ọ́n láti ojú òsì. Tí ìlà méjèèjì bá bọ́ síra wọn, ó dáa. Tí wọn ò bá bọ́ síra wọn, àárín wọn ni àárín tòótọ́ wà. Ẹ jẹ́ kí ìlà yẹn wọ ìdí ọ̀bẹ tó máa wọnú èèkù lọ, torí ibẹ̀ nìkan lẹ̀rọ ò ní pa á rẹ́.

Ìlà tó máa wà lójú ọ̀bẹ gan-an, èyí tó ń sọ ibi tí ìdagẹ̀rẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn máa dúró, ọgbọ́n kékeré kan wà fún un tí mo fẹ́ràn gan-an torí pé kò ná èèyàn lówó. Bíìtì dírílì máa ń ṣóńṣó láàárín ẹ̀ géérégé. Tí irin yín bá nípọn ní 6 mm, tẹ́ ẹ mú bíìtì 6 mm, tẹ́ ẹ tẹ́ àwọn méjèèjì sórí tábìlì tó tẹ́jú, ẹnu bíìtì á wà ní 3 mm sókè tábìlì, ìyẹn àárín irin gan-an. Ẹ kàn máa wọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, á fa ìlà. Àmọ́ ìlà méjì la fẹ́, kí irin lè ṣẹ́ kù láàárín wọn, torí náà bíìtì 5 mm ni kẹ́ ẹ mú. Ẹnu ẹ̀ á wà ní 2.5 mm. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ da irin dé, ẹ tún fà á. Ìlà méjì ti wà níbẹ̀, mìlímítà kan gan-an ló wà láàárín wọn, òun náà ni ìwọ̀n irin tá a fẹ́ kó ṣẹ́ kù lójú.

Ní báyìí ẹ lè dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ táwọn tó ń ṣe eléyìí fún ìgbádùn sábà ń lò ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtéènì ni èyí tí bẹ́líìtì ẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 2, tó gùn ní ínǹṣì 72, tó ń sáré lórí irin pẹrẹsẹ kan. Fáìlìn máṣíìnì táwọn wẹ́dà wa ní ilé ń lò ò dáa fún èyí, ó lè fi gé irin sí ìrísí ọ̀bẹ o, àmọ́ kò síbi tí ọwọ́ máa gbé lé, kòtò kéékèèké á sì kún ìdagẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ò lówó ẹ̀rọ, kó lo fáìlì. Mi ò fi ṣeré. Fáìlì tó gùn, fáìsì tó di nǹkan mú dáadáa, àti ọ̀pá irin kan tí wọ́n so mọ́ fáìlì tó ń gba inú ihò kọjá kí áńgù má yẹ̀, ó ti tó láti ṣe dágà tó dáa. Ó máa pẹ́, ó máa mú apá ro yín, àmọ́ fáìlì ò lè ba nǹkan jẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú bíi ti ẹ̀rọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ gé orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú ní dígírì 45, kó lọ títí dé ìlà tí bíìtì fà. Bẹ́líìtì tó ti gbó ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, torí igun irin máa ń bọ́ èèpo bẹ́líìtì tuntun. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá máa fẹ ìdagẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láti ojú lọ sáàárín, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, bí 2 bá gba ìfà mélòó, kí 3 gba iye kan náà, lẹ́yìn náà 1 àti 4. Ẹ má parí ọ̀kan kẹ́ ẹ tó lọ sórí ìkejì. Tí apá kan bá ti fẹ́lẹ́ nígbà tí ìkejì ṣì nípọn, ooru á fa irin síbì kan, á tẹ̀. Ibi tí ìdagẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nídìí, lẹ́bàá èèkù, ibẹ̀ náà mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ ṣe déédéé síra wọn, ẹ di irin líle méjì mọ́ ọn ní ìdábùú kí bẹ́líìtì máa dúró síbẹ̀, kì í ṣe ibi tá a ń fi ojú díwọ̀n.

Kẹ́ ẹ wá dúró kẹ́ ẹ tó dé àárín. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀ lọ. Tó bá ku bíi mìlímítà kan sí ìlà àárín lápá méjèèjì, ẹ gbé bẹ́líìtì onírúgúrúgú sílẹ̀. Ìlà tẹ́ ẹ fà ṣì wà níbẹ̀ lẹ ń rí, ẹ ṣì lè rí ẹni tó ń sún mọ́ ọn jù. Tẹ́ ẹ bá fi bẹ́líìtì nọ́ńbà 60 dé àárín (bí nọ́ńbà bẹ́líìtì tàbí sándípépà bá ṣe kéré tó ló ṣe ń rúgúrúgú tó), ìlà yín ti lọ nìyẹn, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa fi wé nǹkan mọ́.

Ẹnu ọ̀bẹ ni ibòmíì tó ń dojú rú. Dágà ń tín-ín-rín lọ sẹ́nu. Ní ibi tó ti fẹ̀ ní 30 mm, àárín nípọn ní 6 mm. Ní ibi tó ti kù sí 15 mm, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí áńgù dígírì 11 yẹn wà bẹ́ẹ̀, irin ò gbọdọ̀ nípọn ju 3 mm lọ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ ní 6 mm, áńgù á di dígírì 22 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnu á wú, ìlà á sì máa sá kiri níbẹ̀ torí pé ọwọ́ yín ń gbé áńgù kan, irin ń fẹ́ òmíì. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ irin náà lẹ́lẹ́ láti ìdí lọ sẹ́nu, kí iwájú àti ẹ̀yìn gba iye kan náà, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdagẹ̀rẹ̀ rárá. Àmọ́ o, ìlà tí bíìtì dírílì máa fà lójú, ẹ ti gbọ́dọ̀ fà á ṣáájú, nígbà tí irin ṣì tẹ́jú sórí tábìlì, torí tó bá ti fẹ́lẹ́ sẹ́nu, bíìtì ò ní bọ́ sáàárín mọ́. Ìlà àárín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á rẹ́, ẹ fi kọ́ńpáàsì dá a padà.

Nípa iná, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀ torí bákan náà ló rí pẹ̀lú ọ̀bẹ yòókù. Irin tí wọ́n ń fi nọ́ńbà pè ní 1084 dáa fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ó rọrùn láti mú le. Spring ọkọ̀ táwọn alágbẹ̀dẹ wa fi ń rọ àdá náà dáa, àfi pé èèyàn kì í mọ irú irin tó jẹ́ gan-an. 1084 ń fẹ́ bíi 815°C. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í fà á mọ́ tó bá ti kọjá nǹkan bíi 770°C, iyọ̀ ìdáná sì ń yọ́ ní 801°C, ẹni tí ò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ooru lè fi méjèèjì mọ ibi tó wà. Ẹ rì í bọ inú òróró tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹnu sísàlẹ̀, kó wọlé tààrà. Ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ sínú òróró, ẹ má sì fi omi ṣe é, ó lè sán. Ibí lẹ ti máa mọ̀ bóyá ìdagẹ̀rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba lóòótọ́: èyí tó fẹ́lẹ́ jù á kọ́kọ́ tutù, á fa ọ̀bẹ mọ́ra. Dágà tó dọ́gba sábà máa ń jáde lọ́gbọọgba. Ẹ wá gbé e sínú ààrò bíi 200°C fún wákàtí méjì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún un ṣe.

Lẹ́yìn iná, ooru di ọ̀tá. Tí ojú ọ̀bẹ bá yí sí àwọ̀ búlúù lórí ẹ̀rọ, ó ti tó nǹkan bíi 300°C nìyẹn, ibẹ̀ ti rọ̀, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ dá a padà láìtún gbé gbogbo ẹ̀ sínú iná. Dágà sì ní ojú tín-ín-rín méjì tó ń gbóná, ìlọ́po méjì ewu. Omi gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ìfà kan, ẹ rì í bọmi. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wọ ìbọ̀wọ́ níbí kí ìka lè mọ ìgbà tó ń gbóná, kí bẹ́líìtì má sì fa aṣọ ìbọ̀wọ́ wọlé. Ìbòmú àti góógù ni ò ṣeé fi sílẹ̀, eruku irin kì í jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró bó ṣe wọlé.

Ìlà àárín tó mú, tó tọ́, tẹ́ ẹ máa ń rí lára dágà àwọn ọ̀gá, ẹ̀rọ kọ́ ló ń parí ẹ̀. Sándípépà àti ọwọ́ ni. Ẹ wé sándípépà mọ́ irin pẹlẹbẹ tó le, kì í ṣe rọ́bà, kì í ṣe fóòmù, torí ohun tó bá rọ̀ á yí kọjá lórí ìlà, á sọ ọ́ di roboto. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ìdagẹ̀rẹ̀ kejì kó má fara gbá, ẹ wá máa fà á láti ìdí lọ sẹ́nu, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Níbí lẹ ti máa gba ìlà padà ní ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà. Alágbẹ̀dẹ tó ń lurin lójú kan náà, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ má jẹ́ kó sú yín. Sándípépà nọ́ńbà 220, 400, 600, lẹ́yìn èyí ó kù sọ́wọ́ yín.

Àwọn kan á béèrè pé ṣé ó tó nǹkan tí èèyàn fi ń jìyà bẹ́ẹ̀, ṣé dágà mú ju ọ̀bẹ yòókù lọ ni. Rárá o. Ọ̀bẹ ìdáná tó fẹ̀ ní 45 mm, tó nípọn ní 3 mm lẹ́yìn, áńgù méjèèjì pọ̀ ò tó dígírì 4. Ti dágà tá a ṣírò lókè lé ní 22. Ojú méjì gbọ́dọ̀ pín fífẹ̀ kan náà, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa fẹ́lẹ́ bíi ti ẹni tó dá ní gbogbo ẹ̀. Gígún ni wọ́n ṣe é fún. Dágà tí William Fairbairn àti Eric Sykes, àwọn tó ti ṣọlọ́pàá ní Shanghai, bá iléeṣẹ́ Wilkinson Sword ní London ṣètò fáwọn kọmándò Bìrìtéènì ní oṣù kọkànlá ọdún 1940, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣe é torí bẹ́ẹ̀, Rex Applegate tó bá Fairbairn ṣiṣẹ́ nígbà ogun sì rí i pé ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, èyí tóun náà ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn fẹ̀ jù ú lọ. Ẹ̀yà àkọ́kọ́ ti ọdún 1941 ní ibi pẹrẹsẹ kékeré kan nídìí tí ìdagẹ̀rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó yá wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti mú ibẹ̀ dọ́gba mọ̀ pé ó mú iṣẹ́ yá.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun. Ní Bìrìtéènì, ẹni tó bá gbé ọ̀bẹ tí kì í ká jáde sáàárín ìgboro láìní ìdí gidi ti rú òfin, bó ti wù kó kéré tó. Ní California, gbígbé dágà sábẹ́ aṣọ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Texas ti gba àwọn àgbàlagbà láyè láti ọdún 2017, àmọ́ ibi kan wà tí wọn ò tíì gbà á. Ṣíṣe é nílé yín ò burú, ẹ kàn mọ ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe kẹ́ ẹ tó gbé e jáde.

Pípọ́n ló gbẹ̀yìn, ẹ má ṣe é ṣáájú. Gbogbo àkókò tẹ́ ẹ fi ń bá ẹ̀rọ àti sándípépà ṣiṣẹ́, ìka yín wà lórí ojú kejì, tí ojú yẹn bá mú, ẹ̀jẹ̀ lẹ ń wá. Kódà èèkù ni kẹ́ ẹ fi sí i ná, kẹ́ ẹ sì rán àkọ̀ ẹ̀ tán, kẹ́ ẹ tó gbé òkúta ìpọ́nbẹ. Nínú àkọ̀ ọ̀bẹ lásán, awọ tí wọ́n fi ń gba ojú ọ̀bẹ kó má baà gé òwú, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń fi sí. Ti dágà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni.